Afẹ́fẹ́ Ń Yọ́ Wọ Ẹ́ńjìnnì: Bí Ẹ Ṣe Máa Rí Ibi Tó Ń Gbà, Tí Ẹ ó sì Dí I

Ìbéèrè kan náà ló ń dé etí mi ní gbogbo ìgbà: "Ọkọ̀ mi ń gbọ̀n bí mo bá dúró. RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀. Iná check engine ti tàn. Mo ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, síbẹ̀ kò yí padà." Bí àmì bá ti rí báyìí, ọ̀nà afẹ́fẹ́ ni mo kọ́kọ́ máa ń yẹ̀ wò. Ó lè jẹ́ pé rọ́bà kan ti sán, tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì kan (ohun tí a fi ń dí ojú ìsopọ̀) ti gan, tàbí kílíìpù kan ti tú, tí afẹ́fẹ́ wá ń yọ́ wọlé níbi tí kò yẹ kó gbà. Ẹ lè fọwọ́ ara yín wá a, ẹ sì lè fọwọ́ ara yín tún èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ṣe.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní kí a tó bẹ̀rẹ̀: ẹ má ra pátì kankan títí ẹ ó fi rí ojú ibi tó ń jò. Ọkọ̀ tèmi náà ṣe é rí. Wọ́n ní sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn ni, mo rà á. Wọ́n ní páǹpù epo ni, mo rà á. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ mánífóòlù (ohun tó ń pín afẹ́fẹ́ sí àwọn sílíńdà), tí mo tẹ rọ́bà kékeré kan tó ṣẹ́ kọ́rọ́ bí ìgbọ̀nwọ́, ló bá la ẹnu. Bí ẹ bá wò ó láti òkè, ẹ ó ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Abẹ́ ìgbọ̀nwọ́ yẹn, níbi tí ojú ò dé, ló ti sán. Rọ́bà tí kò gùn tó ìka ọwọ́ mi ló fa gbogbo ìnáwó yẹn.

Ẹ́ńjìnnì tó ń lo bẹntiróòlù ni mo ń sọ níbí. Ti dísùùlù yàtọ̀, torí fákúùmù (agbára ìfà) inú mánífóòlù rẹ̀ kò tó nǹkan; páǹpù ló sábà máa ń pèsè fákúùmù tí bírèkì rẹ̀ ń lò.

## Ìdí tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ fi ń da ẹ́ńjìnnì rú

Nígbà tí ọkọ̀ bá wà ní sìlóò, tí ẹsẹ̀ yín ò sí lórí àsẹlérétọ̀, throttle (ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì) fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé pátápátá. Písítìnì ṣì ń fà, ṣùgbọ́n ọ̀nà ti há, nítorí náà fákúùmù tó lágbára máa ń wà nínú mánífóòlù. Nínú ẹ́ńjìnnì tó pé, gáàjì fákúùmù máa ń dúró sí inHg (ìwọ̀n tí a fi ń ka fákúùmù) 17 sí 22 ní ilẹ̀ tí kò ga púpọ̀ ju ojú òkun lọ. Ihò tí ẹ rò pé kò tó nǹkan, ìfà yẹn á fa afẹ́fẹ́ gba ibẹ̀ wọlé.

Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń gbìyànjú láti po afẹ́fẹ́ kílò 14.7 mọ́ bẹntiróòlù kílò kan. Sẹ́ńsọ̀ MAF ló ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí oníbodè, tó ń ka iye afẹ́fẹ́ tó wọlé. Èyí tó bá fo ògiri gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé, kò kà á, a ò sì ní fún un ní epo. Afẹ́fẹ́ á wá pọ̀ ju epo lọ, iná inú sílíńdà á máa jó ní àjókù, ẹ́ńjìnnì á máa mísì.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ di mú ṣinṣin rèé, torí òun ni gbogbo àyẹ̀wò rọ̀ mọ́: nígbà sìlóò, afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì kéré, nítorí náà èyí tó ń yọ́ wọlé pọ̀ lójú rẹ̀. Bí ẹ bá ráìsì, afẹ́fẹ́ tó tọ́ á pọ̀ rẹpẹtẹ, èyí tó ń yọ́ wọlé á sì di ẹ̀kán omi nínú odò. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi máa ń gbọ̀n ní ibùdúró, tí yóò sì sáré geerege lójú ọ̀nà.

Àwọn ọkọ̀ kan kò ní MAF. Sẹ́ńsọ̀ MAP ni wọ́n ń lò, èyí tó ń wo bí afẹ́fẹ́ inú mánífóòlù ṣe le tó. Irú ìyẹn máa ń rí afẹ́fẹ́ tó yọ́ wọlé, kọ̀ǹpútà á sì fún un ní epo tirẹ̀. Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, sìlóò tó ga ju bó ṣe yẹ lọ lẹ máa kọ́kọ́ rí, kóòdù (nọ́ńbà àṣìṣe tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú) pé epo kéré lè má yọjú rárá.

## Àmì tó yẹ kí ẹ fi kíyè sí i

- Sìlóò ga, tàbí ó ń lọ sókè sódò, tàbí ọkọ̀ ń kú ní ibùdúró.
- Ìró fíììì lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, bí ẹni ń súfèé láàárín eyín.
- Kóòdù P0171 tàbí P0174 (epo kéré, afẹ́fẹ́ pọ̀), P0300 (ó ń mísì káàkiri), tàbí P0507 (sìlóò ga jù).
- Ó máa ń burú láàárọ̀ tí ẹ́ńjìnnì tutù, ó sì ń rọlẹ̀ bó bá gbóná. Rọ́bà àti ike máa ń sún kì nínú òtútù, wọ́n á sì wú padà nínú ooru, tí ihò á fi pa dé fúnra rẹ̀.
- Bírèkì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Tó bá jẹ́ èyí tó kẹ́yìn yẹn ni tiyín, ẹ má wa ọkọ̀ náà lọ síbì kankan kí ẹ tó yẹ búsítà bírèkì (ẹ̀rọ tó ń fi fákúùmù ran ẹsẹ̀ yín lọ́wọ́ láti tẹ bírèkì) wò. Àlàyé rẹ̀ wà nísàlẹ̀.

## Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan

Ohun èlò: tọ́ọ̀ṣì, dígí kékeré tó ní ọwọ́, síkáànà OBD2 (ẹ̀rọ tó ń ka ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń sọ) tó lè fi fuel trim (iye epo tí kọ̀ǹpútà ń fi kún tàbí tó ń yọ kúrò) hàn, ike tí a fi ń fín omi, páìpù rọ́bà tó gùn tó mítà kan, pláyà tí ẹ fi aṣọ wé ẹnu rẹ̀, àti fóònù yín fún fọ́tò. Gáàjì fákúùmù dára bí ẹ bá ní in.

Ìkìlọ̀:

- Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é. Èéfín sàléńsà nínú gáréèjì tí a tì ń pa ènìyàn, torí carbon monoxide, gáàsì olóró inú rẹ̀, kò ní òórùn tó máa kìlọ̀ fún yín.
- Ẹ ká apá aṣọ sókè, ẹ di irun, ẹ bọ́ ẹ̀gbà ọrùn. Fáànù oníná lè bẹ̀rẹ̀ sí í yí fúnra rẹ̀ nígbàkigbà.
- Ẹ fi bírèkì ọwọ́ de ọkọ̀, ẹ fi jíà sí P tàbí N.
- Ẹ má fín nǹkan tó ń gbiná sí ẹ̀gbẹ́ mánífóòlù sàléńsà tàbí wáyà púlọ́ọ̀gì. Ẹ ní ẹ̀rọ ìpaná nítòsí.
- Brake cleaner tó ní kílórínì nínú: ẹ má lò ó fún iṣẹ́ yìí rárá. Bó bá kan irin tó gbóná gan-an tàbí iná, ó lè di phosgene, gáàsì olóró tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

## Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ jẹ́ kí síkáànà sọ bóyá afẹ́fẹ́ ni lóòótọ́

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù lọ.

1. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kó gbóná dáadáa. Bó bá ṣì tutù, kọ̀ǹpútà kò tíì máa gbọ́rọ̀ sí sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn lẹ́nu, nọ́ńbà tí ẹ bá rí kò ní ìtumọ̀.
2. Ẹ ṣí ojú ìwé live data, ẹ wá STFT àti LTFT, oríṣi fuel trim méjì tí a ń kà ní ìdá ọgọ́rùn-ún. Èyí tó ń yí kíákíá ni STFT. LTFT ni ohun tí kọ̀ǹpútà ti kọ́ mọ́ra.
3. Ẹ ro méjèèjì pọ̀ ní sìlóò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.
4. Ẹ ráìsì ẹ́ńjìnnì dé RPM 2500, ẹ dì í mú níbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan. Ẹ tún ro wọ́n pọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ní STFT jẹ́ +8, LTFT jẹ́ +17 ní sìlóò. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ +25: kọ̀ǹpútà ń fi ìdá mẹ́rin kan kún epo kó tó lè tẹ́ ẹ́ńjìnnì lọ́rùn. Ẹ wá ráìsì dé 2500, àpapọ̀ já wálẹ̀ sí +4. Afẹ́fẹ́ ló ń yọ́ wọlé, ẹ tẹ̀ síwájú.

Bí ó bá jẹ́ pé ní sìlóò ó jẹ́ +5, tó wá di +22 nígbà tí ẹ ráìsì, ẹ dúró ná. Epo ni kò tó: páǹpù, àsẹ́ epo, tàbí MAF tó dọ̀tí. Gbogbo ìyókù ìtọ́sọ́nà yìí kò ní wúlò fún yín.

Lórí ẹ́ńjìnnì V tó ní apá méjì, ẹ wo apá tó ń ké. P0171 nìkan túmọ̀ sí pé apá kìíní ló ń jìyà, kí ẹ wo gásíkẹ́ẹ̀tì àti òrùka rọ́bà nọ́sù (ohun tó ń fín epo) apá yẹn. Bí P0171 àti P0174 bá jọ yọ, ohun tí apá méjèèjì jọ ń lò ni kí ẹ lọ bá: páìpù afẹ́fẹ́ ńlá, PCV (fáàfù tó ń dá èéfín inú ẹ́ńjìnnì padà sí mánífóòlù), rọ́bà búsítà.

Ẹni tí kò ní síkáànà lè fi gáàjì fákúùmù wò ó. Bí ọwọ́ gáàjì bá dúró jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n tí kò dé 17, ó lè jẹ́ afẹ́fẹ́, ó sì tún lè jẹ́ táímìnì (àkókò tí iná tàbí fáàfù ń ṣiṣẹ́) tó ti yẹ̀. Nítorí náà gáàjì nìkan kò tó láti fi dájọ́.

## Ìgbésẹ̀ kejì: ojú àti ọwọ́, ẹ́ńjìnnì kú, ó sì tutù

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi àsẹ́ afẹ́fẹ́, kí ẹ sì máa tẹ̀ lé ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà títí dé ara ẹ́ńjìnnì. Ẹ má fò síwá fò sẹ́yìn. Mo máa ń fi ọwọ́ kan gbogbo rọ́bà lọ́kọ̀ọ̀kan: mo tẹ̀ ẹ́, mo lọ́ ọ, mo fi ìka wá abẹ́ rẹ̀. Rọ́bà tó dára máa ń rọ̀, ó sì máa ń padà sípò. Èyí tó ti gan á dún kẹ́ẹ̀, tàbí kó lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́ bí ọ̀dà torí òróró ti jẹ ẹ́.

Ibi tí ẹ ò gbọ́dọ̀ fò:

- Páìpù rọ́bà ńlá láàárín MAF àti throttle. Inú ìṣẹ́po rẹ̀ ló máa ń sán sí, níbi tí ojú ò rí. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fà á gùn kí ìṣẹ́po náà là.
- Rọ́bà PCV àti ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.
- Rọ́bà tó lọ síbi búsítà bírèkì.
- Rọ́bà fáàfù purge, èyí tó ń gbé òórùn epo láti táǹkì wá.
- Rọ́bà tín-ín-rín orí ẹ̀rọ tó ń ṣàkóso ìfúnpá epo, bí ọkọ̀ yín bá ní in. Bí ẹ bá yọ ọ́ tí ẹ rí bẹntiróòlù nínú rẹ̀, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ti bàjẹ́.
- Ẹnu ihò tí kò ní rọ́bà lórí: fìlà rọ́bà kékeré tó yẹ kó bò ó ti lè jábọ́.
- Ìdérí òróró ẹ́ńjìnnì àti ọ̀pá ìwọn òróró, bóyá wọ́n jókòó dáadáa.

Bí ẹnìkan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ lára ọkọ̀ náà kí wàhálà tó bẹ̀rẹ̀, ibi tó fọwọ́ kàn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹni tó pààrọ̀ àsẹ́ afẹ́fẹ́ lè gbàgbé láti mú kílíìpù kan le padà.

## Ìgbésẹ̀ kẹta: etí

Ẹ tan ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi ìdí páìpù rọ́bà onímítà kan yẹn sí etí, kí ẹ máa fi ẹnu rẹ̀ kejì rìn yí mánífóòlù ká díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ó ń jò á ké fíììì sí yín létí lójijì, bí ẹni pé ẹ ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ má jẹ́ kí páìpù náà súnmọ́ bẹ́líìtì tàbí fáànù.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé throttle fúnra rẹ̀ máa ń dún, nọ́sù náà á sì máa ṣe tíkì-tíkì-tíkì. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ kẹrin: fífún rọ́bà pa

Ẹ fi pláyà tí ẹ wé láṣọ fún rọ́bà kọ̀ọ̀kan pa nítòsí mánífóòlù, ẹ wo RPM, ẹ tú u sílẹ̀, ẹ bọ́ sí òmíràn. Rọ́bà tí ẹ fún pa tí ẹ́ńjìnnì sì balẹ̀ lójú ẹsẹ̀, òun tàbí ohun tó wà ní ìdí rẹ̀ ló ń jò. Páìpù tó bá jẹ́ ike líle, ẹ má fún un, yóò fọ́. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi fìlà rọ́bà bo ẹnu ihò tó wà lára mánífóòlù.

Ọ̀pọ̀ ló ń ṣìnà níbí, nítorí náà ẹ ka èyí lẹ́ẹ̀mejì:

- PCV: RPM á yí díẹ̀ bí ẹ bá fún un pa. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, torí afẹ́fẹ́ tí wọ́n wọ̀n ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Àyàfi bí ìyípadà náà bá pọ̀ gan-an.
- Purge: nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù tó wà ní sìlóò, nǹkan kan kò yẹ kó yí padà. Bó bá yí, fáàfù náà kò pa dé mọ́. Ọkọ̀ tó ń ṣòro láti tan lẹ́yìn tí ẹ bá ra epo kún táǹkì sábà máa ń ní ìṣòro yìí.
- Búsítà: bí ẹ ò bá tẹ bírèkì, kò yẹ kó yí padà rárá.

Ìdánwò búsítà fúnra rẹ̀ rèé:

1. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ bírèkì lẹ́ẹ̀márùn-ún tàbí mẹ́fà títí yóò fi le.
2. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ tan ẹ́ńjìnnì. Ó yẹ kí ẹsẹ̀ yín rì wálẹ̀ díẹ̀.
3. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́, ẹ tẹ bírèkì mú, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, kò yẹ kó tì ẹsẹ̀ yín sókè.

Bí ó bá kùnà ní ìkejì tàbí ìkẹta, tàbí tí ẹ ń gbọ́ fíììì láti ìdí bírèkì nínú ọkọ̀, rọ́bà rẹ̀, fáàfù rẹ̀ tàbí awọ inú búsítà ti là. Ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀ níbi tó wà. Èyí kọjá ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì tó ń gbọ̀n.

Àwọn ẹ́ńjìnnì kan tún fi awọ rọ́bà pẹlẹbẹ kan sínú ìdérí fáàfù dípò PCV tó ṣeé yọ. Bí awọ yìí bá ya, ẹ ó gbọ́ súfèé tó ga, ìdérí òróró á sì ṣòro láti ṣí nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, torí ó ń fà á mọ́lẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ karùn-ún: omi ọṣẹ

Èyí ni mo fẹ́ràn jù fún ẹnu gásíkẹ́ẹ̀tì, torí kò lè gbiná. Ẹ po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ omi nínú ike ìfín. Ẹ́ńjìnnì wà ní sìlóò, ẹ fín in díẹ̀ sí ibi tí mánífóòlù ti pàdé orí ẹ́ńjìnnì, lójú ihò kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ dúró bí ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún kí ẹ tó bọ́ sí èkejì. Bí omi bá bo ihò, ìfà á gbé e wọlé: ẹ ó rí i tí omi ọṣẹ náà rá sínú ìlà náà, súfèé á dá, tàbí RPM á ta kọ̀ọ̀. Ẹ yàgò fún kọ́ìlì, ẹnu wáyà àti àlítánétọ̀. Omi díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹ kò fọ ẹ́ńjìnnì.

Àwọn mẹkáníìkì máa ń fín carb cleaner dípò omi. Ó yára, RPM á lọ sókè tàbí kó balẹ̀ bí ó bá kan ojú ibi tó ń jò, STFT náà á sì já wálẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, kí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, kí ẹ fín in díẹ̀ péré, kí ẹ sì jẹ́ kó fẹ́ lọ tán kí ẹ tó fín òmíràn. Bí ẹ bá fín in káàkiri, ìkùukùu rẹ̀ á gba ẹnu àsẹ́ afẹ́fẹ́ wọlé, RPM á yí, ẹ ó sì máa bẹ́bi lórí gásíkẹ́ẹ̀tì tí kò mọwọ́mẹsẹ̀.

## Bí gbogbo èyí kò bá rí i: èéfín

Ẹ̀rọ èéfín máa ń rọra fẹ́ èéfín sínú mánífóòlù nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú, ibi tí èéfín bá ti yọ jáde ni ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Kò sí ọ̀nà tó dájú tó o. Ìfúnpá rẹ̀ kì í sábà kọjá psi kan. Ẹ má fi kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ táyà ṣe é nílé: ìfúnpá yẹn á bẹ́ sílì tó dára, ẹ ó wá ní ihò méjì dípò ọ̀kan. Bí ẹ bá mú ọkọ̀ lọ bá mẹkáníìkì tó ní ẹ̀rọ yìí, ẹ fún un ní nọ́ńbà fuel trim tí ẹ kọ sílẹ̀ àti orúkọ gbogbo rọ́bà tí ẹ ti fún pa. Yóò dín àkókò rẹ̀ kù.

## Títún un ṣe

Rọ́bà kékeré. Bí ó bá jẹ́ ẹnu rẹ̀ nìkan ló sán, tí rọ́bà náà sì gùn tó, ẹ gé sẹ̀ǹtímítà kan kúrò, kí ẹ tì í padà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ mú èyí tó bàjẹ́ lọ síbi tí ẹ ti fẹ́ rà, kí inú rẹ̀ àti gígùn rẹ̀ bá ara mu. Bí ẹ bá fẹ́ yọ rọ́bà tó ti lẹ̀, ẹ lọ́ ọ kí ẹ tó fà á. Ẹni tó bá fà á tààrà á fa ẹnu ike mánífóòlù kán, ìyẹn ni owó ńlá. Rọ́bà PCV gbọ́dọ̀ jẹ́ irú tí òróró kò lè jẹ. Ti búsítà gbọ́dọ̀ ní ara tó nípọn, kí fákúùmù má baà fún un pọ̀, kí ẹ sì dá fáàfù inú rẹ̀ padà sí ojú tó kọ sí tẹ́lẹ̀.

Páìpù ńlá tó sán. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Téèpù sílíkóònù tó ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ lè gbé yín délé, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Òrùka rọ́bà nọ́sù. Ẹ tú ìfúnpá epo sílẹ̀ bí ìwé ọkọ̀ yín ṣe sọ kí ẹ tó tú ohunkóhun. Epo inú páìpù yẹn lè ta sí yín lójú. Ẹ fi òróró ẹ́ńjìnnì tó mọ́ pa òrùka tuntun kí ẹ tó tì í wọlé, kó má baà ya.

Gásíkẹ́ẹ̀tì mánífóòlù. Iṣẹ́ ọjọ́ kan gbáko ni fún ẹni tí kò ṣe é rí.

1. Ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Ẹ yọ ẹnu odì bátìrì, ẹ tú ìfúnpá epo sílẹ̀.
2. Ẹ ya fọ́tò láti ọ̀nà mẹ́rin. Ẹ fi téèpù kọ nọ́ńbà sí wáyà àti rọ́bà kọ̀ọ̀kan.
3. Ẹ tú nọ́ọ̀tì láti ìta wá sí àárín, díẹ̀díẹ̀.
4. Bí mánífóòlù bá ti kúrò, ẹ ki aṣọ tó mọ́ bọ gbogbo ihò sílíńdà lójú ẹsẹ̀. Ẹ ka iye aṣọ náà, kí ẹ kà á padà nígbà tí ẹ bá ń yọ wọ́n. Nọ́ọ̀tì kékeré kan tó bá jábọ́ sínú ibẹ̀ lè ba ẹ́ńjìnnì jẹ́.
5. Ẹ fi abẹ ike ha gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kúrò. Irin á ya ojú alumíníọ̀mù, ojú yíya yẹn á sì máa jò.
6. Ẹ fi rúlà irin tó gún wo ojú mánífóòlù bóyá ó ti tẹ̀. Bí mánífóòlù ike bá sán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Gúlúù kò ní dúró nínú ooru àti ìfà yẹn.
7. Ẹ fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i gbẹ, láìfi sílíkóònù sí i, àfi bí ìwé ọkọ̀ bá ní kí ẹ fi sí i.
8. Ẹ fi ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ gbogbo nọ́ọ̀tì. Ẹ wá fi tọ́ọ̀kì sípánà mú wọn le láti àárín lọ sí ìta, ní ìpele méjì tàbí mẹ́ta, dé nọ́ńbà tí ìwé ọkọ̀ yín kọ. Ẹ má fi agbára apá díwọ̀n rẹ̀.

## Àṣìṣe tí mo ń rí léraléra

Kíka P0171 kí wọ́n sì sáré lọ ra sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn ló burú jù. Sẹ́ńsọ̀ tó ní "afẹ́fẹ́ pọ̀" sábà máa ń sọ òótọ́. Ẹ má pa ìránṣẹ́ nítorí iṣẹ́ tó jẹ́.

Àwọn kan á yí skúrúù throttle láti rẹ sìlóò sílẹ̀. Ihò ṣì wà níbẹ̀, wọ́n kàn tún fi ìṣòro kejì kún un ni. Àwọn mìíràn á mú kílíìpù le títí rọ́bà á fi gé.

Ẹ tún rántí sàléńsà. Bí páìpù rẹ̀ bá jò ṣáájú sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn, afẹ́fẹ́ ìta á máa wọ ibẹ̀, sẹ́ńsọ̀ á ní epo kéré nígbà tí epo pé. Ẹ wá èérí dúdú lójú ìsopọ̀ rẹ̀, kí ẹ fetí sí ìró pákí-pákí nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù.

Ẹ má sì sọ pé "ó ṣì ń rìn" kí ẹ máa lò ó lọ fún oṣù púpọ̀. Mísì tó ń lọ lójoojúmọ́ ń sun catalytic converter (ẹ̀rọ tó ń sọ èéfín sàléńsà di mímọ́), iye owó ìyẹn kò sì bá ti rọ́bà dọ́gba rárá.

## Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti tán

1. Ẹ pa kóòdù rẹ́ pẹ̀lú síkáànà, kí ẹ sì tún LTFT ṣe bí síkáànà yín bá lè ṣe é.
2. Ẹ tan ọkọ̀. Bí ẹ bá yọ bátìrì, sìlóò lè má balẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwọn ọkọ̀ kan ní láti tún sìlóò wọn kọ́, ìwé ọkọ̀ yín á sọ bí ẹ ṣe máa ṣe é.
3. Ẹ jẹ́ kó gbóná, ẹ tún ka fuel trim ní sìlóò àti ní 2500. Méjèèjì gbọ́dọ̀ súnmọ́ ara wọn, kí àpapọ̀ wọn má kọjá 10 sókè tàbí sísàlẹ̀.
4. Ẹ wà á fún ọjọ́ mélòó kan, ní ibi tí sún-kẹẹrẹ wà àti ní ọ̀nà tó já geere.
5. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí ẹ tó tan an, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ tan án nígbà tó ṣì tutù, ẹ dúró tì í, kí ẹ fetí sílẹ̀. Bí fíììì yẹn bá tún jáde, ihò kejì ń bẹ, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kejì. Bí ó bá dákẹ́, tí LTFT sì dúró síbi tí ẹ fi í sí, ẹ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé.